Bàbá tó wà lábà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ṣágámù nìyí, lọ́jọ́ Sọ́ńdè àwọn bàbá. Àwọn tí òjò dá dúró sílé ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ tẹ̀lé ọkọ yín wá torí ẹ ti gbọ́ pé ìkọ́kọrẹ́ wà ní kíṣìnnì, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òjò. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìntì, ẹ sì mọ̀ pé ogójì ìṣẹ́jú tíṣà kì í mọ sí ogójì.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ ọ̀dọ́ kan ń wàásù níbì kan tí mo wà, mi ò ní sọ ibẹ̀, ọmọ náà sì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Ó dé orí Abba, ó ní Baba tí à ń pe Ọlọ́run yìí ti le jù, pé Abba tí Jésù fi pè é, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ọwọ́ ni, Dádì gan-an nìtumọ̀ ẹ̀, ó wá ní kí gbogbo wa gbọ́wọ́ sókè ká pe Dádì lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo sọ. Bàbá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ti kọjá ọgọ́rin ọdún, wọ́n gbọ́wọ́ sókè bíi ti gbogbo èèyàn, wọ́n lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Wọ́n tún lanu. Nígbà tó yá wọ́n sọwọ́ kalẹ̀, wọ́n fi ìgúnpá gún mi, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ? Torí èmi ò pe ẹnì kankan ní Dádì rí láyé mi."

Mi ò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n wà ní iwájú yìí, ẹ bá mi kí wọn. Bàbá, òní ni mo fẹ́ dá yín lóhùn: rárá, kì í ṣe òótọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Abba jẹ́, ẹ ronú ọmọ Rẹ́mọ tó ti pé àádọ́ta ọdún, tó ti bímọ, tó wọlé bá bàbá ẹ̀ lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó wá pè wọ́n. Bó ṣe pè wọ́n yẹn gan-an ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wò ná. Nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Abba wà: Máàkù 14:36, níbi tí Jésù ti ń gbàdúrà ní Gẹtisémánì lóru tí wọ́n wá mú un, Róòmù 8:15, àti Gálátíà 4:6. Ó tán. Kò sí nínú Mátíù, kò sí nínú Lúùkù, kò sí nínú Jòhánù. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ìwé wọ̀nyẹn, àmọ́ Abba kì í ṣe Gíríìkì, Árámáíkì ni, èdè tí àwọn ará Gálílì ń sọ nílé àti lọ́jà. Ab ni bàbá lédè wọn, wọ́n fi "a" tì í nídìí, ó di abba. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó kọ ọ́ ò dá Abba fi sílẹ̀, ó fi bàbá ti Gíríìkì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló di "Abba, Baba" nínú Bíbélì tiwa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé àwọn ará Gálátíà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí ni wọ́n ń gbé, wọn ò gbọ́ Árámáíkì, síbẹ̀ Abba ló ní wọ́n ń ké nínú àdúrà. Ọ̀rọ̀ náà ti di bí Àmín àti Halelúyà ṣe rí lẹ́nu tiwa, ta ló jókòó túmọ̀ Halelúyà fún ìyá ẹlẹ́kọ kó tó máa kọ ọ́ lórin?

"Abba, Baba" yìí dà mí láàmú ní kékeré ṣá. Bàbá mi ń ṣe òwò obì, ẹ̀yin ará Ṣágámù ẹ mọ ohun tíyẹn ń jẹ́, tí obì bá ti ń so dáadáa, bàbá wa ò ní sí nílé, abà oko ni wọ́n máa wà, wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá wa á ní "bàbá yín wà lábà". Tí wọ́n bá wá ka ẹsẹ yẹn ní Sọ́ńdè skúùlù, ohun tí etí mi gbọ́ ni "abà, Bàbá". Mo gbà pé Jésù ń pe bàbá ẹ̀ tó wà lábà ni. Ó sì bá ìtàn náà mu, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ń bọ̀ wá mú ọmọ, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń sùn, bàbá ẹ̀ wà lábà, ó ń pè, wọn ò tíì gbọ́. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí ẹsẹ yẹn látìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtumọ̀ orúkọ, ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i. Bar ni ọmọ lédè Árámáíkì. Bar pẹ̀lú abba ló di Bárábà, ọmọ bàbá. Ọ̀daràn tí èrò ní kí Pílátù tú sílẹ̀ yẹn, ọmọ bàbá lorúkọ ẹ̀, wọ́n wá mú ẹni tó pe Ọlọ́run ní Abba lọ kàn mọ́gi. Èyí kò sí lára ohun tí mo wá sọ, àmọ́ mi ò lè mọ̀ ọ́n kí n má sọ ọ́.

Ibo wá ni Dádì ti wọlé? Ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Jámánì kan, Joachim Jeremias, ló sọ ọ́ dòkìkí ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá pé ẹnu ọmọ kékeré ni Abba ti jáde, àwọn oníwàásù gbà á lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ń gbé e kiri. Jeremias fúnra ẹ̀ padà sọ pé òun ti àsọdùn bọ ọ́, pé kò yẹ kéèyàn máa rò pé Jésù ń fọhùn bí ọmọ ọwọ́. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ní 1988, James Barr, ọmọ Scotland tó ń kọ́ni ní Hébérù ní Oxford, jókòó tì í, ó sì tú u palẹ̀. Ó ní Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń pe bàbá, pappas, tó bá jẹ́ pé Abba dà bíi Dádì ni, pappas ni wọn ì bá fi túmọ̀ ẹ̀. Wọn ò lò ó. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, patēr ni wọ́n lò, bàbá gidi, èyí tí àgbàlagbà ń sọ. Bákan náà, nínú ìwé àwọn Júù, ẹ máa rí ọkùnrin tó ti lọ́mọ, tó ń bura, tó ń jà lórí ogún, Abba ló ń pe bàbá ẹ̀.

Kì í ṣe pé ọmọdé ò pè é o. Àwọn rábì, olùkọ́ àwọn Júù, wí nínú Tálímúdì, ìwé ẹ̀kọ́ wọn, pé ọmọ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń pe abba àti imma àfi tó bá ti tọ́ ọkà wò, ọkà wíìtì ni wọ́n ń sọ, imma sì ni ìyá. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Ògì bàbà làwa ń fún ọmọ tiwa, wọ́n á mu bàbà tán, wọ́n á sì pe bàbá! Ọmọdé ń pe Abba, àgbà náà ń pe Abba, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ ò ní fi í sílẹ̀ tó bá dàgbà bí èèyàn ṣe ń fi ṣòkòtò péńpé sílẹ̀.

Torí mo dárúkọ bàbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fàmì sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń tẹ fóònù. Ọmọ mi obìnrin kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé "baba ti won loja". Mo wò ó títí, mo ní bàbá tiwọn lọ́jà wo, àbí wọ́n ti fi ẹnìkan jẹ bàbá ọjà ni? Bàbà ló ti wọ́n lọ́jà. Ògì ló fẹ́ ṣe.

Ó wá kù síbi tí gbogbo èèyàn ti máa ń bi mí: kí ló dé tí abba àti bàbá fi jọra báyìí? Àwọn kan ń fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù pé ẹ̀rí nìyẹn pé ẹ̀yà Ísírẹ́lì tó sọnù ni wá. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí Sábó níbi, àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń bó èèpo funfun lára gbànja tí wọ́n ti rẹ sómi, àwọn ọkùnrin ń to ewé sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá ńlá, ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàbá mi ń bá Àlhájì kan nájà, àwọn méjèèjì ti le ojú. Ni ọmọ kékeré kan bá sáré jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ké "Baba!" Bàbá mi dáhùn, Àlhájì náà dáhùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọmọ Àlhájì ni. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, owó tí wọ́n ti ń fà látàárọ̀, wọ́n sì parí ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Uba ni Haúsá ń pe bàbá, àmọ́ baba ni ọmọ ń ké nílé. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé mo ti mọ̀ ọ́n, ìdílé kan náà làwa àti Gàm̀bàrí. Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́.

Ẹ dẹ̀ wò ó, ìdílé ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ètè ni. Ọmọ tó ti tó bí oṣù mẹ́fà, kò léyín, ahọ́n ẹ̀ ò tíì mọ ibi tó máa lọ, ohun tó lè ṣe ni kó pa ètè dé kó sì tún là á. Ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ pa ètè dé, ẹ là á: ba. Ẹ fi imú sí i: ma. Kò mọ ohun tó ń sọ. Àwa òbí tójú ń kán ló máa pariwo pé ó ti pè mí! Ọ̀mọ̀wé tó mọ èdè, Roman Jakobson, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní nǹkan bí 1960. Ọ̀rọ̀ 1,072 tí George Peter Murdock kó jọ láti èdè káàkiri ayé ló fi ṣiṣẹ́, 531 fún ìyá, 541 fún bàbá. Ó ní ọmọ tó ń mu ọmú, ètè ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, imú nìkan ni ohùn lè gbà jáde, ìyẹn ni "m" ṣe máa ń bọ́ sọ́dọ̀ ìyá. Bàbá ò lọ́mú, wọ́n fún un ní ohun tó kù.

Ìdí nìyẹn tí baba fi jẹ́ bàbá lédè Tọ́kì, baba lédè Swahili, àwọn ará Ṣáínà náà ń pè é ní bàba, èdè olóhùn bíi tiwa sì ni tiwọn. A ò bá ọ̀kankan nínú wọn tan. Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé ẹgbẹ́ Tọ́kì náà ni Georgia wà, wọ́n jọ pààlà ni, mama ni wọ́n ń pe bàbá níbẹ̀, deda sì ni ìyá. Ọmọ Ṣágámù tó bá lọ síbẹ̀, tó gbọ́ tí ọmọ ń ké mama, tó wá ń wá obìnrin, ọkùnrin onírùngbọ̀n ló máa jáde sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Bàbá tiwa yìí, ẹnu ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ibi tó rìn dé. Ó wọ babaláwo, ó wọ baba ńlá, eégún jáde, Bàbá là ń kí i. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pe ọkọ lórúkọ, Bàbá Bọ́lá ló ń pè é. Irọ́ tó bá pọ̀ jù, bàbá irọ́ ni. Bàbá wa tó jẹ Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, ọmọ ọdún 25 ni wọ́n nígbà tí wọ́n gun orí ìtẹ́ ní 1960, arúgbó tó lọ́mọ bíi tiwọn ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 2025. Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbi, Awólọ́wọ̀ pàdánù bàbá ẹ̀ ní 1920, ọmọ ọdún mọ́kànlá péré, kò rẹ́ni pè ní bàbá mọ́, òun náà ló wá di Pápá fún àwọn èèyàn tí kò lè kà tán. Nílé tiwa, bàbá àgbà kú ní ọdún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Babátúndé. Bàbá mi ò fọwọ́ kan ọmọ yẹn rí. "Bàbá mi" ni wọ́n ń pè é. A jọ máa jí ẹran nínú ìkòkò ni, èmi nìkan ló máa jẹgba, torí ta ló fẹ́ na bàbá ẹ̀?

Ẹni tó bá ní Bàbá jìnnà jù, mi ò mọ ilé tó ti dàgbà.

Kódà Dádì tí pásítọ̀ wa ń sọ, kò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé mọ́ nílẹ̀ yìí. Ní ayé tiwa, ilé tó ní fíríìjì ni wọ́n ti ń pe Dádì. Lónìí, ẹ lọ sí ojú títì márosẹ̀ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè ta ni Dádì G.O., gbogbo ayé mọ̀ pé Pásítọ̀ Adébóyè ni, ẹni àádọ́rin ọdún sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pe Dádì G.O. kì í ṣe pé ó fẹ́ jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló fi ń pè é. A gba ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ àwọn òyìnbó, a wọ agbádá fún un.

Ibi tí ìfẹ́ àti ìsúnmọ́ra wà gan-an, Bàbá kọ́, Abba kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ìyàwó mi wálé, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ nílé, ó kúnlẹ̀ dáadáa. Bàbá mi jókòó, abọ́ obì wà níwájú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo fi Rẹ́mọ bi wọ́n léèrè pé Bàbá, ṣé o ti jẹun. Ìyàwó mi yíjú wò mí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Kò sọ nǹkan kan títí di alẹ́. Ó di alẹ́, ó ní, "Ṣé 'o' lo ń pe bàbá tó bí ẹ lọ́mọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí bàbá mi náà ṣe ń pe bàbá tiẹ̀ nìyẹn. Ó ní ẹ̀yin Ìjẹ̀bú!

Ẹ ti gbọ́ tí mo ń sọ "wọ́n, wọ́n" fún bàbá mi látàárọ̀, Yorùbá ilé ìwé nìyẹn, àti ti ìyàwó mi. Ẹ̀yin àti wọ́n tí à ń fi bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ti wá bá wa, èdè àwọn àgbà tiwa ní Ìjẹ̀bú, ní Rẹ́mọ, títí dé Oǹdó, kò ní in. Kì í ṣe pé a ò bọ̀wọ̀ fún bàbá. Ìdọ̀bálẹ̀ wà, èèyàn ò jẹ́ jókòó lórí àga wọn, kò jẹ́ pe orúkọ wọn, ọ̀rọ̀ náà Bàbá sì ti gbé gbogbo ọ̀wọ̀ náà rù. Tó bá ti gbé e rù tán, ìwọ wá sún mọ́ ọn.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ni, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, òun àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ìwé Róòmù ti jáde ní 1850, odindi Bíbélì ní 1884, kò síbi tí wọ́n ti pe Ọlọ́run ní ẹ̀yin. Ẹni kan ni Gíríìkì náà pè é. Ní Gẹtisémánì yẹn, kì í ṣe èyí tí èmi fẹ́, bí kò ṣe èyí tí ìwọ fẹ́. Ìyàwó mi tó bínú sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó tó sùn ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, ọ̀wọ̀ ni fún orúkọ rẹ. Orúkọ rẹ! Mo dúró kó ṣe Àmín. Mo ní, "Ìwọ náà ti di Ìjẹ̀bú."

Ìyá kan bi mí nígbà ìbéèrè bóyá kí àwọn ọmọ òun má pe Dádì mọ́. Mo ní kí wọ́n máa pè é, mi ò fẹ́ kí ọkọ wọn bá mi jà, àmọ́ kí wọ́n bi ọkọ wọn ohun tí òun ń pe bàbá tiẹ̀. Ọkọ wà níbẹ̀, ó ní "Pọ̀ọ́pù ni." Gbogbo gbọ̀ngàn tú ká fún ẹ̀rín.

Alága ní kí bàbá tó wà níwájú fi àdúrà parí. Wọ́n fi ọ̀pá dìde, wọ́n ṣí fìlà, a di ojú. Wọ́n ní, "Bàbá." Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀, a ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lórí páànù. "O ṣé o. Òjò ti fẹ́ dá."

Wọ́n jókòó. A ṣe Àmín, a lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́.